Ẹni Tó Lo Iṣẹ́ Mi, Kí Ló Fi Ṣe?

Fọ́ọ̀mù ìgbéga náà kò ju ojú ewé mẹ́fà lọ. Mo ti kọ orúkọ mi, ọdún tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé, àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti tọ́ sọ́nà, kí n tó dé ibi tí ọwọ́ mi ti dúró. Wọ́n ní kí n kọ iye iṣẹ́ tí mo ti tẹ̀ jáde, iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíì ti tọ́ka sí wọn, h-index mi, àti impact factor, iye tí wọ́n fi ń díwọ̀n jọ́nà, ti jọ́nà kọ̀ọ̀kan. Àpótí mẹ́rin péré. Ogún ọdún tí mo ti fi ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú ìgò, tí mo fi ń wò wọ́n lábẹ́ maikirosíkópù, inú àpótí mẹ́rin yẹn ni wọ́n ní kí n kó o sí.

Ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ wa lè má mọ ohun tó ń jẹ́ h-index. Onímọ̀ físíìsì kan, Jorge Hirsch, ló gbé e jáde ní 2005. Bí tèmi bá jẹ́ 20, ó túmọ̀ sí pé mo ní iṣẹ́ 20 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 20, ó kéré tán. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó lókìkí kò lè gbé e sókè, ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kà kò sì lè gbé e sókè. Ọgbọ́n wà nínú ẹ̀, mi ò ní parọ́. Àmọ́ iye yẹn kì í wálẹ̀. Ènìyàn lè ti fẹ̀yìn tì, kó ti papò dà pàápàá, kó ṣì máa gòkè. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Tó bá ní iṣẹ́ mẹ́ta, kò lè kọjá mẹ́ta, kódà kó jẹ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa gba ẹ̀mí èèyàn là.

Mo wá h-index mi lọ sí àwọn ibi tó ń ka ìtọ́kasí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí Google Scholar, ó ní 26. Mo ṣí Scopus, ó ní 21. Web of Science ní 19. Ènìyàn kan náà, ọjọ́ kan náà. Google Scholar máa ń ka ohun púpọ̀ tó bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ láti gba oyè àti iṣẹ́ tí jọ́nà kankan kò tíì yẹ̀ wò. Àwọn méjì yòókù ti ṣa àwọn jọ́nà tí wọ́n máa ń kà, wọn kì í wo ẹ̀yìn ìyẹn. Ibẹ̀ ni mo tún ti rí i pé wọ́n ti là mí sí méjì: orúkọ bàbá mi ló wà lára iṣẹ́ mẹ́fà àkọ́kọ́, orúkọ ọkọ mi ló wà lára ìyókù, kọ̀ǹpútà sì rò pé obìnrin méjì ni wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ̀wé síwá sẹ́yìn kí wọ́n tó so wá pọ̀. Nọ́ńbà ORCID, oní-díjíìtì 16, tó ń ya oníwádìí kan sọ́tọ̀ sí òmíràn, ti wà láti 2012, ọ̀fẹ́ sì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kankan kì í kọ ìlà kan ṣoṣo mọ́ kó tó gbà á.

Àwọn nọ́ńbà ti wà lọ́wọ́ mi báyìí, mo lè kọ wọ́n sílẹ̀ kí n lọ sùn. Mi ò lè sùn. Mo wo iṣẹ́ tí wọ́n tọ́ka sí jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ mi, èyí tó gbé mi dé ibi tí mo wà, mo sì pinnu pé màá ka gbogbo àwọn tó tọ́ka sí i, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n mọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà, á rí ìfun rẹ̀. Oṣù méjì ni ó gbà mí. Mo mọ iṣẹ́ tí mo ń tú wò, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti ń bà mí tipẹ́.

Ọdún 2006 ló jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni mí nígbà yẹn. A ń wádìí bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn ṣe ń kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, tó ń lọ tẹ̀dó sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí eegun, torí pé ìrìn yẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ ń pa. Sẹ́ẹ̀lì tí a lò ń jẹ́ MDA-MB-435. Láàbù tó ń lò ó nígbà náà kò lóǹkà. Ara obìnrin kan tó ní jẹjẹrẹ ọyàn ni wọ́n ní wọ́n ti mú un ní 1976. Ohun tó mú kí gbogbo wa fẹ́ràn rẹ̀ ni pé bí a bá fi í sára eku, ó máa ń rìn, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A rí purotéènì kan tó dà bíi pé òun ló ń tì í lẹ́yìn. A dí purotéènì náà lọ́nà, sẹ́ẹ̀lì náà dúró sójú kan. Mo rántí alẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mi ò tilẹ̀ mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé, mo kàn ní, "Màmá, ó dúró!"

Ní 2007, àwọn oníwádìí kan fi àyẹ̀wò DNA hàn pé MDA-MB-435 àti sẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ M14 ní orísun kan náà. M14 kì í ṣe ti ọyàn. Ti melanoma ni, jẹjẹrẹ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fún awọ ara ní àwọ̀. Ìdí tó fi ń rìn dáadáa lára eku nìyẹn. Melanoma ni, ó mọ̀ ọ́n rìn.

Kò sì kúkú jẹ́ pé a ò gbọ́ fìn-ín rí. Láti 2000 ni àwọn kan ti ṣàkíyèsí pé àwọn àbùdá tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ jọ ti melanoma ju ti ọyàn lọ. A ka ìwé yẹn nínú ìpàdé láàbù wa. A sọ pé ìgò tiwọn ló ní àbùkù, tiwa pé. Kò sẹ́ni tó dìde lọ yẹ tiwa wò. Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ lè má sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ó lè jẹ́ ẹnì kan tó fi pípẹ́ẹ̀tì kan náà, ohun tí a fi ń fa omi, kan ìgò méjì, lọ́jọ́ tó ti rẹ̀ ẹ́. Irú rẹ̀ ti pẹ́ nínú iṣẹ́ wa. Sẹ́ẹ̀lì HeLa, tí wọ́n mú lára Henrietta Lacks ní 1951 láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀, lágbára débi pé ó wọ ìgò àwọn ẹlòmíì, ó pa sẹ́ẹ̀lì onílé run, ó sì jókòó síbẹ̀. Àwọn tó ń lo ìgò wọ̀nyẹn ń kọ̀wé nípa ẹ̀dọ̀ àti nípa ọ̀nà ọ̀fun fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo lọ bá ọ̀gá mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ẹ ti rí ìwé tó jáde lórí 435?"

"Mo ti rí i."

"Ṣé a ò ní kọ̀wé sí jọ́nà ni, sà?"

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀. "Ẹni mélòó ló lo sẹ́ẹ̀lì yẹn? Ṣé gbogbo wọn ló ń kọ̀wé? Lọ parí oyè rẹ ná."

Mo lọ parí rẹ̀. Mo ríṣẹ́. Iṣẹ́ 2006 yẹn ló wà lókè téńté nínú ìwé tí mo fi wáṣẹ́. Mi ò lè di ẹ̀bi náà ru ọ̀gá mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sọ̀rọ̀, èmi ni mo dákẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Ní 2013 ni mo tó kọ̀wé sí olóòtú jọ́nà, ọ̀gá mi sì fọwọ́ sí i láìjanpata. Oṣù mẹ́rìnlá ni àtúnṣe náà fi wà lọ́nà kó tó jáde, ìpínrọ̀ kan péré: pé sẹ́ẹ̀lì tí a pè ní ti ọyàn, ti melanoma ni; pé ohun tí a rí nípa ìrìn rẹ̀ dúró, àmọ́ kò ṣeé fi sọ̀rọ̀ nípa jẹjẹrẹ ọyàn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí.

Ohun tí mo wá rí rèé nínú oṣù méjì tí mo fi kàwé. Iṣẹ́ 412 ló ti tọ́ka sí tiwa. Mọ́kànléláàádọ́jọ nínú wọn ló jáde lẹ́yìn àtúnṣe. Márùn-ún péré ló mẹ́nu kan àtúnṣe náà. Àwọn yòókù ṣì ń sọ ọ́ bíi pé ọyàn ni. Aṣọ ò b'Ọ́mọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Ọ̀kan wà nínú gbogbo 412 náà tí mi ò lè gbàgbé. Àwọn kan tí mi ò mọ̀ rí, láàbù kékeré, ti fi oṣù mẹ́jọ dí purotéènì wa lára eku tó ní jẹjẹrẹ ọyàn gidi. Kò ṣiṣẹ́. Wọ́n yí ìwọ̀n oògùn padà, kò ṣiṣẹ́. Wọ́n yí eku padà. Lápá ìparí iṣẹ́ wọn, wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú ìtẹríba pé àwọn ò mọ ìdí tí àbájáde àwọn fi yàtọ̀ sí ti àwọn tó ṣáájú. Àwa ni àwọn tó ṣáájú. Ìwé wọn jáde ní 2011, nígbà tí mo ti mọ̀ fún ọdún mẹ́rin tí mo sì panu mọ́. Mo kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, mo lọ dúró lójú fèrèsé. Owó ìwádìí wọn, oṣù mẹ́jọ ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ gboyè, àti àwọn eku yẹn. Nínú iye ìtọ́kasí mi, ìyẹn jẹ́ ẹyọ kan, ó sì gbé mi sókè.

Mo ní láti sọ ìyókù pẹ̀lú, torí pé kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan ni mo rí. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí àwọn tó ka iṣẹ́ náà ní àkàtán ṣe kéré tó. Púpọ̀ nínú ìtọ́kasí náà wà nínú gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀, irú èyí tó ń sọ pé ìrìn sẹ́ẹ̀lì ṣe pàtàkì nínú jẹjẹrẹ, tí wọ́n á wá to nọ́ńbà méje tẹ̀ lé e bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀. Tiwa jẹ́ ọ̀kan nínú méje. Àwọn kan gbé gbólóhùn náà láti inú iṣẹ́ ẹlòmíì tìlà tìlà, mo mọ̀ ọ́n torí pé àṣìkọ kan nínú orúkọ mi ń bá a rìn láti ìwé dé ìwé. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣí àwọn iṣẹ́ mi àtijọ́, mo rí ìwé mẹ́ta tí mo tọ́ka sí tí ó jẹ́ pé ìsọnísókí wọn nìkan ni mo kà.

Ẹ tún wo ohun tí ayé tọ́ka sí jù. Iṣẹ́ tí ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ti Oliver Lowry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1951, ó ju 300,000 ìgbà lọ. Kò wo àrùn kankan sàn. Ọ̀nà tí a lè gbà wọn iye purotéènì tó wà nínú omi ni. Mi ò sọ ọ́ láti bu iṣẹ́ náà kù, èmi náà ti lo ìlànà irú rẹ̀ ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé iye yẹn ń sọ bí nǹkan ṣe wúlò fún ọ̀pọ̀ èèyàn nídìí tábìlì iṣẹ́. Kò sọ bó ṣe jinlẹ̀ tó, kò sì sọ ẹni tó gbà là.

Èyí ló mú mi dé ìdí iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo tèmi. Ìtọ́kasí 11 ló ní.

Ọdún mẹ́ta ni èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fi wádìí èròjà kan tí wọ́n rí lára ewéko. Ìròyìn tó wà nílẹ̀ ni pé ó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá nígbà tí oògùn jẹjẹrẹ bá dé bá a. Ta ni kò ní fẹ́ irú ẹ̀? Ẹni tó bá ti rí bí oògùn yẹn ṣe ń ṣe aláìsàn, tí irun ń já, tí ẹnu ń bó, yóò mọ ìdí tí a fi sáré sí i. Àyẹ̀wò tí gbogbo èèyàn fi ń wò ó ni MTT, ìlànà tó ti wà láti 1983. Èròjà kan tó ní àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n máa ń dà lé sẹ́ẹ̀lì lórí. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè á sọ ọ́ di elésè àlùkò, ti èyí tó ti kú á dúró ní àwọ̀ ìyeyè rẹ̀. Bí àwọ̀ àlùkò bá ṣe pọ̀ tó ni a ó fi mọ bí alààyè ṣe pọ̀ tó. A dán an wò, àwọ̀ náà ki dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì wa ń yè, a rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, akẹ́kọ̀ọ́ mi wò wọ́n lábẹ́ maikirosíkópù. Ó wá bá mi pẹ̀lú ojú tó rọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Àwọ̀ yìí ń sọ pé wọ́n wà láàyè, àmọ́ gbogbo wọn ti rọ." Ó rí bẹ́ẹ̀. A wá ṣe ohun tó yẹ ká ti ṣe lọ́jọ́ kìíní: a da èròjà ewéko náà àti MTT pọ̀ nínú àwo tí kò ní sẹ́ẹ̀lì kankan nínú rárá. Ká tó jẹun ọ̀sán dé, ó ti di elésè àlùkò. Èròjà náà fúnra rẹ̀ ló ń yí àwọ̀ náà padà. Kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Jọ́nà mẹ́rin ló dá iṣẹ́ yẹn padà. Wọ́n ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sunkún nínú ọ́fíìsì mi, nítorí pé ọdún mẹ́ta ni, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fara mọ́ àbájáde àkọ́kọ́ ti tẹ méjì jáde. Jọ́nà karùn-ún gbà á. Mo ka gbogbo àwọn 11 tó tọ́ka sí i. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló lò ó ní tòótọ́: wọ́n fi àwo tí kò ní sẹ́ẹ̀lì kún àyẹ̀wò wọn. Méjì nínú mẹ́sàn-án yẹn kọ ọ́ ní tààrà pé ìdí nìyí tí àwọn fi dáwọ́ ìdánwò lára ẹranko dúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Mo pe akẹ́kọ̀ọ́ náà, òun náà ti ń darí láàbù tirẹ̀ báyìí, mo ka gbólóhùn náà fún un lórí fóònù. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ tún un kà, ẹ jọ̀ọ́."

Iṣẹ́ 412 àti iṣẹ́ 11. Fọ́ọ̀mù náà fi ìkíní ṣe ọlá mi, kò sì rí ìkejì.

Láìpẹ́ sígbà tí mo kọ̀wé àtúnṣe yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀ káàkiri nípa irú nǹkan báyìí. Ní 2012, Glenn Begley àti Lee Ellis kọ ọ́ nínú jọ́nà Nature pé àwọn oníwádìí ilé iṣẹ́ oògùn Amgen tún iṣẹ́ 53 ṣe, àwọn iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn kà sí òpómúléró nínú ìwádìí jẹjẹrẹ. Mẹ́fà péré ni wọ́n lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn mìíràn dáwọ́ lé e ní gbangba, wọ́n pète láti tún àyẹ̀wò 193 ṣe láti inú ìwé 53. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde jáde ní 2021, 50 ni wọ́n lè ṣe parí, láti inú ìwé 23. Ohun tó gún mi lọ́kàn níbẹ̀ ni pé nínú àyẹ̀wò 193 yẹn, kò sí ẹyọ kan tí wọ́n kọ ọ́ kún tó kí ẹlòmíì lè tún un ṣe láì kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ẹyọ kan!

Bí mo ṣe kà á, mo rántí ìmeèlì kan. Ní 2016 ni obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí béèrè nípa iṣẹ́ wa ti 2009: sẹ́ẹ̀lì mélòó la fi sára eku kọ̀ọ̀kan, àti pé ọjọ́ kelòó lẹ́yìn tí a tú wọn láti inú yìnyín. Ìbéèrè tó rọrùn. Mo kó gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ láàbù jáde. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ti lọ. Mo rí ojú ewé náà, mo rí ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀, mo sì rí ohun tó kọ síbẹ̀: "A ṣe é bí a ṣe máa ń ṣe é." Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì wá a, mo kọ̀wé tọrọ àforíjì. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ kankan kì í jáde kúrò ní láàbù mi tí kì í bá ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ rìn, nǹkan kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i láì bẹ̀ mí.

Ní ti impact factor, kò gba àkókò púpọ̀. Ti jọ́nà ni, kì í ṣe ti iṣẹ́ mi. Wọ́n á ka iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka lọ́dún kan sí ohun tí jọ́nà náà tẹ̀ ní ọdún méjì tó ṣáájú, wọ́n á wá fi iye àpilẹ̀kọ inú ọdún méjì yẹn pín in. Eugene Garfield, tó gbé èrò náà kalẹ̀ láti 1955, kò ṣe é láti fi wọn èèyàn. CA: A Cancer Journal for Clinicians ti ní iye tó ju 200 lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó sì gbé e débẹ̀ jù ni àkọsílẹ̀ iye àwọn tó ní jẹjẹrẹ àti àwọn tó kú, tí gbogbo oníwádìí máa ń tọ́ka sí lójú ewé àkọ́kọ́. Èmi náà máa ń tọ́ka sí i. Ẹlòmíì tó bá tẹ̀wé sínú jọ́nà kan náà ń jẹ lára iye yẹn, bóyá ẹnikẹ́ni ka tirẹ̀ tàbí kò kà á. Ní Oṣù Kejìlá 2012, àwọn oníwádìí àti olóòtú pàdé ní San Francisco, wọ́n kọ ìkéde tí a ń pè ní DORA, pé kí a yé fi iye jọ́nà díwọ̀n ẹni tó kọ̀wé síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ti fọwọ́ sí i. Àpótí yẹn ṣì wà nínú fọ́ọ̀mù mi.

Ohun tí mo máa ń fi tu ara mi nínú ni ìtàn àwọn tó dúró. Peyton Rous tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1911 pé omi tí òun sẹ́ kúrò lára kókó ara adìẹ, tí kò ní sẹ́ẹ̀lì kankan nínú, lè fi irú kókó náà sára adìẹ mìíràn. Fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú omi náà. Ọ̀pọ̀ kò kà á sí. Ní 1966 ló gba ẹ̀bùn Nobel, ẹni ọdún 87 ni. Denis Burkitt ńkọ́? Oníṣẹ́ abẹ ni ní Uganda. Ní 1958 ó kọ̀wé nípa kókó tó ń yọ ní àgbọ̀n àwọn ọmọdé, ó sì fi í sí jọ́nà àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Anthony Epstein lọ jókòó gbọ́rọ̀ níbi tí Burkitt ti ń sọ ọ́ ní London. Ìjókòó yẹn ló bí fáírọ́ọ̀sì tí Epstein, Achong àti Barr rí ní 1964, fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí a so mọ́ jẹjẹrẹ ara ènìyàn. Ká ní wọ́n fún Burkitt ní fọ́ọ̀mù tèmi ní 1960, kí ni ì bá kọ sínú àpótí? Ẹnì kan ṣoṣo tó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa ló tó.

Mo kọ àwọn nọ́ńbà náà sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, h-index mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì kọ ibi tí mo ti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, mo fi ojú ewé méjì kún un tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Mo mú iṣẹ́ márùn-ún, mo kọ ẹni tó lò ó àti ohun tó fi ṣe. Iṣẹ́ àwo tí kò ní sẹ́ẹ̀lì ni mo fi ṣe ìkíní. Mo kọ ipa tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kó sí i, torí pé òun ló wo maikirosíkópù, bí orúkọ mi ṣe kẹ́yìn lára ìwé náà, níbi tí ti ọ̀gá láàbù máa ń wà, kò yí ìyẹn padà. Iṣẹ́ 2006 ni mo fi ṣe ìkarùn-ún, pẹ̀lú àtúnṣe rẹ̀, pẹ̀lú ọdún mẹ́fà tí mo dákẹ́, pẹ̀lú láàbù kékeré yẹn. Mo kọ̀wé sí àwọn yẹn náà. Ẹni tó darí rẹ̀ dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì. Ó ní àwọn ti rò pé ọwọ́ àwọn ni kò dá.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ pè mí, àgbà kan láàárín wọn mú ojú ewé kejì yẹn lọ́wọ́. "Dókítà, kí ló dé tí ẹ fi kọ èyí síbẹ̀? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ẹni 412 ló ti tọ́ka sí i, sà. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n kí ẹ tó kà á fún mi."

Wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè mìíràn lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ìgbéga náà dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi tuntun gbé àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ rẹ̀ wá. Ó dára, ó kọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Mà, jọ́nà wo lẹ rò pé ká fi ránṣẹ́ sí?"

Mo bi í léèrè ọjọ́ tó yẹ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wò kẹ́yìn, àyẹ̀wò STR, tó ń fi DNA sẹ́ẹ̀lì wé àkọsílẹ̀ DNA tó wà fún sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n pè é. Ó wo inú ìwé rẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kó tó dé láàbù. Ó wò mí, ó wo àpilẹ̀kọ náà, mo sì rí i pé ó ń ṣírò ọ̀sẹ̀ tí èyí máa gbà á. Kò bá mi jiyàn. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó lọ sídìí ìkòkò nitrogen tí a ń dì sẹ́ẹ̀lì sí, ó yọ ìgò kékeré méjì jáde láti inú èéfín rẹ̀, ó sì kọ déètì ọjọ́ náà sára wọn.